Àkókò Òjò Tí Gbogbo Aago Ń Sáré

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Ibi tó máa ń jò lókè fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tún ti ṣí. Mo gbé ike kan síbẹ̀, omi sì ń kán sínú rẹ̀ láìbá aago kankan mu. Ìyẹn bí mi nínú ju òjò náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kí n nàró mọ́. Ó fa ìgbànú dúdú kan yọ nínú báàgì, ó fẹ̀, ó nípọn, ó ní kí n máa dè é mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ láàárọ̀, kí n má sì tú u títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

"Òkúta ìwòsàn ni wọ́n rán sínú rẹ̀. Wàá rí i."

"Òkúta wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé èmi ni mo rán an ni? Ṣáà dè é, alátakò."

Mo dè é kí ó lè máa lọ, kí n ráyè ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 5

Ìgbànú yìí ń ṣiṣẹ́! Mo tẹ̀ sórí tábìlì láti àárọ̀, nígbà tí mo sì máa dìde, mo dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìdi ògiri mú. N kò ní tètè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n sinmi mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Bàbá Réluwéè gbé aago rẹ̀ wá. Aago yìí ló fi wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ló ń tún un ṣe fún un kí ó tó kan èmi. N kò tíì rí inú bàbá náà kí ó dùn tó báyìí rí.

"Ọmọ ọ̀gá, ọmọ mi obìnrin ti yege o! Wọ́n ti fún un ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ dá wà á. Aago yìí ni mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Á wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá."

"Kì í ṣe kó kàn wà níbẹ̀ o. Kó péye."

"Bàbá, ẹ ò tíì mọ ilé tí ẹ wà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Èmi náà ń yangàn. Mo tú u lójú ẹsẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fún un lóróró, mo mú un bá aago ògiri bàbá mi mu. Lẹ́yìn náà, ó wọ àpò épírọ́ọ̀nù mi lọ. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: aago tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe gbọ́dọ̀ bá ènìyàn rìn, kó bá a jókòó, kó bá a bẹ̀rẹ̀, kó tó padà sílé. Aago oníbàárà kò sì gbọdọ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi, nítorí ọwọ́ ẹni tó ni ín ló wà fún. Àpò iwájú, níbi ìbàdí, nilé rẹ̀ títí yóò fi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, fẹ̀sùn olè kàn mí nínú ilé ara mi. Ó ní mo ń jí píìnì òun. Mẹ́ta ló tú lára aṣọ mi nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tẹ́lọ̀ tó ń da píìnì sórí gbogbo àga, òun ló wá ń bi mí pé kí ló dé tí píìnì fi ń tẹ̀lé mi! Mo ní kó ra èyí tó ní ike ìdérí. Ó ní píìnì ti wọ́n gógó, òun ò lè máa rà á fún olè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọmọdé gbé aago rẹ̀ padà wá, ó ní ó ń sáré. Ìyàwó oníbúrẹ́dì náà dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹjọ́ kan náà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo gba aago méjèèjì padà. Mo wá yọ ti Bàbá Réluwéè nínú àpò láti fi wé aago ògiri. Òun náà ti sáré. Kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá o, ìṣẹ́jú gidi, láàárín ọjọ́ kan.

N kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 12

Mo ṣí ti Bàbá Réluwéè. Mo gbé awò sójú, mo sì rí i: spíríǹgì kékeré inú rẹ̀, èyí tó tín-ín-rín bí irun, ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ níbi tó yẹ kó là. Nígbà tó bá ti lẹ̀ mọ́ra báyẹn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gé e kúrú, aago á wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ohun méjì ló ń fa irú ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé aago náà ti sún mọ́ òòfà níbì kan, tí òòfà wá mú irin inú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe ló jẹ́ kí òróró kán sórí spíríǹgì. Èyí èkejì ni iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ.

Mo fọ spíríǹgì náà. Mo sì tún gbé e gba orí ẹ̀rọ tí ń lé òòfà. Ìkánjú ló jẹ́ kí n ṣe méjèèjì pọ̀, n kò wá mọ èyí tó wò ó sàn. Ó ṣáà sàn. Ó padà sínú àpò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó tún sáré. Aago nọ́ọ̀sì náà sáré. Ti ìyàwó oníbúrẹ́dì sáré jù wọ́n lọ.

Mo kígbe mọ́ Bàbá Ìbejì lórí píìnì. Ó kàn ṣa píìnì rẹ̀ jọ. Ó mọ̀ pé kì í ṣe píìnì.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ti pinnu pé òòfà ni. Bí kì í bá ṣe òòfà, èmi ni, èmi kò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo gbé rédíò jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mi ń sùn lórí àga níta bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Mo kó gbogbo ohun tó ní mọ́tò nínú lọ sílé, títí kan fáànù, mo sì ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán.

Lẹ́yìn náà ni mo yá kọ́ńpáàsì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀, pé kí n fi wá òòfà tó kù. Mo gbé e dé ìdí tábìlì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yà bàrá. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó yà. Mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún yà. Ó dà bíi pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni òòfà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo gbé kọ́ńpáàsì náà dé ilé. Ó ń yà nínú yàrá, ó ń yà nínú ilé ìdáná, ó ń yà nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gbé e dúró láàárín òpópónà nínú òjò, níbi tí kò ti sí irin kankan, ó ṣì yà. Obìnrin kan tó ń kọjá ní kí n rọra o.

Kọ́ńpáàsì náà ti bàjẹ́, kò sí àníàní. Mo dá a padà fún oníǹkan, mo sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ó ní òun á gbé òmíràn wá fún mi tó bá yá.

Tó bá jẹ́ pé kò sí òòfà, a jẹ́ pé òróró ni. A jẹ́ pé ọwọ́ mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo na ọwọ́ mi síwájú iná, mo wò ó títí. Kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà sọ pé ọwọ́ tirẹ̀ kò gbọ̀n ní ọdún tó kẹ́yìn, èmi tí mo ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tún iṣẹ́ mi ṣe lẹ́yìn mi.

Mo sunkún díẹ̀. Ó tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó bi mí nípa ẹ̀yìn, mo ní ó ti lọ pátápátá, ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ dé etí. Mo wá sọ tàwọn aago fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kì í ṣe rí.

"Àbúrò mi, tó bá jẹ́ pé ojú ló ń lọ, kì í ṣe ìtìjú. Pẹ̀lú gbogbo aago tóo ti tún ṣe láyé, o ti gbìyànjú."

Inú mi ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó bú mi.

Ọjọ́rú, 26

Mo ti sọ ọ́. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì nídìí oúnjẹ pé bí aago Bàbá Réluwéè bá tún sáré lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ ìránṣọ kejì wà níbẹ̀ yẹn. Mo lè kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe ihò bọ́tìnnì." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo gbìyànjú.

Ó tú píìnì kan kúrò lápá òsì aṣọ mi, ó sì fi í pamọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ó sáré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Bàbá Réluwéè wá wo aago rẹ̀. Mo ní ó kù díẹ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń ròyìn ọmọ rẹ̀: bí wọ́n ṣe rán aṣọ iṣẹ́ fún un tó tóbi jù, bí ó ṣe ń dìde láàárọ̀ láti dárúkọ gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin lóhùn rara kí ó tó fọ ẹnu. "Mo ti sọ fún un pé aago yìí kò já mi kulẹ̀ rí," ó ní.

Ó lọ tán ni mo ré títì kọjá lọ bá Ọ̀gá Bátìrì. Aago oníbátìrì ló ń tà, ó sì ti ń wá àyè tó tóbi láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tó bá ṣì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kó wá wò ó lọ́jọ́ Ajé.

"Màmá Aago, ṣé ó dá yín lójú?"

"Wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí ọwọ́ mi tó balẹ̀. Ó ń gbọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Ọ̀gá Bátìrì dé pẹ̀lú tépù irin láti wọn ògiri. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó má baà ba ilẹ̀ mi jẹ́. Ìyẹn fẹ́ pa mí lẹ́kún. Ó fa tépù náà jáde, ó na ẹnu rẹ̀ sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi di ibí mú."

Mo na ọwọ́. Kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, ẹnu tépù náà yí lójijì, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níkùn. Gbà!

Mo wò ó. Ó wò mí. Ó fa tépù, ó tú. Ó dẹwọ́, tépù tún padà wá lẹ̀ mọ́ mi.

"Màmá Aago," ó ní, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "irin lẹ jẹ láàárọ̀ yìí ni?"

Gbogbo rẹ̀ ló ń yí nínú orí mi: píìnì Bàbá Ìbejì, àpò épírọ́ọ̀nù, kọ́ńpáàsì tó ń yà níbi gbogbo tí mo bá ti dúró. Ibi gbogbo tí ÈMI bá ti dúró! Mo ní kó sáré lọ yá kọ́ńpáàsì náà wá. Ó dé, mo ní kó gbé e dání láàárín ilé, kó má mira. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí i ká. Mo lọ sọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ náà bá mi lọ sọ́tùn-ún. Mo lọ sósì, ó bá mi lọ. Ọ̀gá Bátìrì la ẹnu sílẹ̀.

Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo tú ìgbànú ẹ̀gbọ́n mi, mo jù ú sórí tábìlì, mo tún jáde wá yí i ká. Abẹ́rẹ́ náà kọjú sí tábìlì, ó fi mí sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mo fi sísọ́ọ̀sì já ojú rírán rẹ̀. Òkúta ìwòsàn kọ́. Òòfà kéékèèké ni wọ́n tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n dán, wọ́n sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí sísọ́ọ̀sì kò fẹ́ kúrò lára wọn mọ́. Gbogbo aago tí mo ti tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé sórí wọn, kí wọ́n lè bá mi jókòó, kí wọ́n bá mi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ká ní mo jẹ́ aláìbìkítà tí ń gbé aago sínú dúrọ́ọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí èyí tí ì bá sáré.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, lẹ́yìn náà ẹkún gidi dé, lẹ́yìn náà ẹ̀rín tún dé. Ojú mi kò lọ. Ọwọ́ mi kò lọ. Ọlọ́run, ẹ ṣeun.

Ọ̀gá Bátìrì ṣì di tépù rẹ̀ mú.

"Ṣé kí n ṣì wọn ògiri yìí, Màmá?"

"Lọ wọn tìẹ."

Ó ká tépù náà, ó mi orí. "Tépù tí mo fowó ara mi rà," ó ní, "ó lọ bá yín ṣe." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀.

Ọjọ́rú, 3

Mo gbé aago Bàbá Réluwéè gba orí ẹ̀rọ tí ń lé òòfà. N kò fọ̀ ọ́, n kò fi òróró kàn án, kí ó lè dá mi lójú. Spíríǹgì náà là, ó ń mí bí ọmọ tó sùn. Ó ti wà nínú àpò mi láti àná. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo fi wé aago ògiri: ó péye.

Mo tún wé e. Ó péye. Bàbá Ìbejì ní tí mo bá tún wé e lẹ́ẹ̀kan sí i, aago ògiri á bínú.

Ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ padà o.

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Nítorí náà, ẹ̀bùn mi ló dá ẹ lóró."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ẹ̀yìn mi sàn, ó kàn fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó fajú ro. Ó wá bi mí bóyá ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ òun náà fi ń sáré láti oṣù tó kọjá. Mo ní ṣé ẹ̀yin náà ń de irú ẹ̀ ni? Ó ní méjì lòun ń dè. Ẹ̀rín pa wá, a di ara wa mú. Aago rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Bàbá Réluwéè gba aago rẹ̀. Ó gbé e sétí, ó di ojú.

"Bó ṣe ń dún nígbà bàbá rẹ nìyí," ó ní.

N kò sọ nǹkan kan nípa ìgbànú fún un. Lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ajé, 8

Òjò wẹliwẹli. Èmi àti Bàbá Ìbejì lọ dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin, abẹ́ agboòrùn kan, èjìká òsì mi tutù rinrin. Bàbá Réluwéè ti débẹ̀ kí á tó dé, ó wọ kóòtù rẹ̀ àtijọ́. Ojú rẹ̀ wà lára aago ńlá tó kọ́ lókè pèpéle. Tèmi náà wà níbẹ̀. Bí ohun kan bá ń sáré lónìí, ọkàn mi ni.

Ọkọ̀ yọ láti ibi tí irin ti yà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó dúró. Aago ńlá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ìṣẹ́jú tó yẹ kí ọkọ̀ dé gan-an ni.

Ọmọbìnrin náà yọrí lójú fèrèsé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tóbi lóòótọ́. Kò juwọ́. Ó wo aago ńlá tó wà lókè, ó wo aago bàbá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wo tòkè. Ó wá gbé ọwọ́ náà sókè kí bàbá rẹ̀ lè rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá Réluwéè bọ́ fìlà. Ó yíjú sí mi nínú òjò, ó tẹrí ba fún mi, èmi tí mo jẹ́ ọmọ fún un. Mo kúnlẹ̀ kíákíá, ẹ̀yìn mi ké, n kò bìkítà. Ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Nọ́ọ̀sì ti gba aago rẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ti gba tirẹ̀, ó sì mú búrẹ́dì gbígbóná wá. Rédíò ti padà sórí pẹpẹ, fáànù ti padà, fóònù ti wọlé kúrò nínú òjò. Mo dá kọ́ńpáàsì padà, mo bẹ oníǹkan pé kó dárí jì mí, kọ́ńpáàsì rẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́.

Ìgbànú náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Ìbejì. Gbogbo píìnì tó bá já bọ́ ni ó ń fi í kó nílẹ̀, ó ní kò sí irinṣẹ́ tó dára tó báyìí láyé. Kò pe ẹnikẹ́ni ní olè mọ́.

Ẹ̀yìn ń ro mí gidi gan-an. Mo di ògiri mú kí n tó lè dìde kọ èyí. Aago mẹ́ta wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù mi, gbogbo wọn ló péye.